Géèmù Tí Àfẹ́sọ́nà Méjì Jọ Rà: Ta Ló Ni Ín?

Nínú ìwé tó jáde kẹ́yìn, gọ́tà tó dí lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn aláta la sọ̀rọ̀ lé lórí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dáwó, àwọn tí kò dá náà mọ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí, bí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ géèmù ni, eré tí àwọn ọmọ ń gbá lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ìyá kan ti bi wá pé ṣé ìwé ẹgbẹ́ ló yẹ kí a máa fi kọ ọ̀rọ̀ eré ọmọdé. A gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ra eré yìí kì í ṣe owó ọmọdé. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni, ₦450,000. Ìyá kan láàrin wa ló yá a, ìyá méjì sì dúró fún un. Títí di bí a ti ń kọ ìwé yìí, owó náà kò tíì pé padà. Ẹni tó bá ti ṣe onídùúró rí mọ bí oorun ṣe ń rí lójú onídùúró.

A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n, kó jẹ́ kó mọ sí ikùn ara rẹ̀.

Ìyá tí à ń sọ yìí ń ta èlùbọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde ní Pólì, iṣẹ́ ò sí. Ó ní àfẹ́sọ́nà kan, ọmọ dáadáa lójú gbogbo wa, tó máa ń bá ìyá gbé àpò èlùbọ́ wọ ìsọ̀ bí ọkọ̀ bá já ẹrù. Ní ọdún 2022 àwọn méjèèjì ní àwọn fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù. Ẹ ti rí irú rẹ̀ ní àdúgbò yín: wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ara ògiri, wọ́n á to bẹ́ǹṣì, àwọn ọmọkùnrin á kóra jọ síbẹ̀, wọ́n á máa fi pádì gbá bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n, ariwo wọn á sì gba àdúgbò kan bí ẹni pé Shooting Stars ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá góòlù wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ₦100 nígbà náà. Ọmọ tí kò rí ₦100 fi ra ìwé á rí i gbé lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀.

Ìyá yá owó, ó kó o fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n fi ₦300,000 ra ẹ̀rọ PlayStation 4 méjì tí wọ́n ti lò rí, ìyókù bá jẹnẹrétọ̀ kékeré àti bẹ́ǹṣì lọ. Ọmọkùnrin gbé tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ méjì wá, òun náà sì san ìdajì owó ṣọ́ọ̀bù. Títí dé ibí yìí, kò sí wàhálà. Ẹ̀rọ ṣeé fọwọ́ kàn, tẹlifíṣọ̀n ṣeé gbé, onílé mọ ẹni tó sanwó fún òun.

Inú géèmù ni ìjà wà. Ẹ̀rọ tí kò ní géèmù, ìkòkò tí kò ní ọbẹ̀ ni. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà ra géèmù. Àkọ́kọ́ ni àwo CD tó ń wà nínú páálí, èyí tí a lè rà lọ́wọ́ ọlọ́jà, tí a lè tún tà, tí a tilẹ̀ lè fi dógò. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń fà wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí páálí, kò sí àwo. Ẹ ó kàn sanwó, á sì wọlé sínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kó tó lè wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ, àkáǹtì náà sì gbọ́dọ̀ ní ímeèlì kan àti pásíwọ́ọ̀dù kan. Ímeèlì ta ni wọ́n fi ṣe é? Ti ọmọkùnrin. Kí ló dé? Wọ́n ní òun ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láàrin ọdún méjì wọ́n ra géèmù 18 sórí àkáǹtì yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ń ṣí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé Amẹ́ríkà tàbí ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbé, wọ́n á wá máa ra káàdì dọ́là tí wọ́n ń fi sanwó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí dọ́là ṣe fún wa. Èyí tí báńkì ń kà sí díẹ̀ lé ní ₦400 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ti kọjá ₦1,500 nígbà tí 2024 fi dé ìdajì. Nítorí náà géèmù kì í ṣe nǹkan kékeré mọ́. Ọmọbìnrin a máa fún un lówó káàdì. Nígbà mìíràn á fi fóònù san án sí àkáǹtì báńkì rẹ̀, nígbà mìíràn á ka owó lé e lọ́wọ́ nínú ohun tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó máa jáde níwájú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 ìfẹ́ dàrú. Ohun tó dà á rú kì í ṣe ti ìwé yìí. Láàárọ̀ Sátidé kan, ọmọbìnrin ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ó tan ẹ̀rọ kìíní. Gbogbo géèmù wà níbẹ̀, àwòrán wọn pé, ṣùgbọ́n àwòrán àgádágodo kékeré wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tan èkejì, ìyẹn ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Ó tẹ èyí tó mọ̀, kò gbà. Ó tún un tẹ̀, kò gbà. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọjá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Nínú gbogbo géèmù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, àwo CD mẹ́rin péré tí wọ́n ti rà ní ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀lù ọdún tó ti kọjá ni méjì nínú wọn, àwọn ọmọ ò sì fẹ́ ẹ.

Ọmọkùnrin kò fi ẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù náà. Láti ilé rẹ̀ ló ti ṣe é. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún wa rèé, a sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Lórí PS4, àkáǹtì kan lè mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní ilé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn lè gbá géèmù tí àkáǹtì náà rà. Ẹ̀rọ kejì ní tirẹ̀, àfi kí wọ́n fi àkáǹtì náà fúnra rẹ̀ wọlé síbẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ra géèmù kan lò lórí ẹ̀rọ méjì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ímeèlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè yí pásíwọ́ọ̀dù padà níbikíbi tó bá wà, ó sì lè yọ gbogbo ẹ̀rọ tí àkáǹtì ti mú ní ilé kúrò, ẹ̀ẹ̀kan láàrin oṣù mẹ́fà. Ó tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ọjà parí.

Ìyá gbé ọ̀rọ̀ wá sí ilé ẹgbẹ́. A ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin, ó wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí wa bó ṣe yẹ. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, n ò jí nǹkan kan gbé. Ẹ̀rọ wọn méjèèjì wà níbẹ̀, n ò fọwọ́ kàn án. Àkáǹtì tèmi ni mo gbà padà."

Ìyá eléèlùbọ́ ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bí mo bá gbé àpò èlùbọ́ lé ọ lórí pé kí o bá mi gbé e délé, ṣé ó ti di tìẹ nìyẹn?"

Ó dákẹ́.

Àwa náà ṣe àṣìṣe níbẹ̀, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Ìdájọ́ tí a kọ́kọ́ dá ni pé kí wọ́n pín géèmù 18 yẹn sí méjì, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, bí ìgbà tí èèyàn méjì bá jọ já ìdì òkìríkà. Ọmọkùnrin rọra rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú mà, kò ṣeé pín." Inú bí wa. Ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ sí i, àwa náà fi tiwa kún un. A rò pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló ń lò fún wa. Ìgbà tí a pe ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní ìlà àwọn aláṣọ, tí òun náà sọ bákan náà, la tó mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò sí ọ̀nà tí a fi lè yọ géèmù kan nínú àkáǹtì ẹnì kan ká gbé e sínú ti ẹlòmíràn. Àkáǹtì gan-an, wọ́n ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á tàbí kó gbé e fún ẹlòmíràn. Àdéhùn náà gùn, àwọn ọmọ ò sì kà á, wọ́n á kàn tẹ "mo gbà".

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé ọmọkùnrin náà pàápàá kò ni géèmù. Ẹ jẹ́ ká fi ìsọ̀ wa ṣe àpẹẹrẹ. Ìsọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́, a sanwó, wọ́n fún wa ní ìwé, orúkọ ẹnì kan ló wà lórí ìwé. A lè tajà níbẹ̀ fún 20 ọdún, ká kun ún lọ́dà, ká pààrọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀. Síbẹ̀ ìsọ̀ kì í ṣe tiwa. Àṣẹ pé ká jókòó síbẹ̀ la rà. Bí arábìnrin wa bá dá ìdajì owó náà, tí kò sì sí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé, ọjọ́ tí ìjà bá dé, káńsù kò mọ̀ ọ́n rí. Bí géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àṣẹ ìlò ni wọ́n ń tà, ẹni tí ímeèlì rẹ̀ wà níbẹ̀ ni wọ́n sì tà á fún.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú wa nìkan o. Ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin kan ní 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2025. Ó ní ẹni tó bá ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ "rà á" síbẹ̀ láìsọ gbangba fún oníbàárà pé àṣẹ ìlò ló ń gbà, àfi tí oníbàárà bá lè fà á sọ́dọ̀ pátápátá tí ẹnikẹ́ni ò sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ wò ó, Amẹ́ríkà ni o, síbẹ̀ àfi kí ìjọba wọn ṣòfin kí ọlọ́jà tó lè sọ ohun tó ń tà.

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà kan tí ń jẹ́ UFC-Que Choisir gbé Valve, ilé iṣẹ́ tó ni ìsọ̀ géèmù tí wọ́n ń pè ní Steam, lọ sí kóòtù ní 2015. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni pé ẹni tó bá ra géèmù yẹ kó lè tún un tà bí èèyàn ṣe ń ta àwo CD tó ti lò. Ní 2019 kóòtù kan ní Paris dá wọn láre lórí ìyẹn. Ní 2022 kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà. Ní 2024 kóòtù tó ga jù fọwọ́ sí ìyípadà náà. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án! Ẹgbẹ́ tó ní lọ́yà, tó ní owó, ló sì ja ìjà yìí, kì í ṣe ìyá eléèlùbọ́.

Ẹnì kan bi wá pé ṣé ọmọbìnrin ò lè kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà ni. Ó lè kọ ọ́. Ṣùgbọ́n inú àdéhùn PlayStation kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ìlò ti ara ẹni ni, kì í ṣe fún òwò. Ṣọ́ọ̀bù géèmù, òwò ni. Ohun àkọ́kọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ máa jẹ́wọ́ ni pé àwọn méjèèjì ti rú àdéhùn. Ẹni tó fẹ́ gba ẹran padà lọ́wọ́ ajá kò ní kọ́kọ́ lọ sọ fún ẹlẹ́ran pé òun ló jí i.

Bí wọ́n bá ti ṣègbéyàwó ńkọ́? Àwọn ìyá béèrè èyí gan-an. Ìgbéyàwó kóòtù tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé, òfin ọdún 1970 fún adájọ́ lágbára lórí dúkìá ọkọ àti aya bí wọ́n bá ń kọ ara wọn. Ṣùgbọ́n adájọ́ á béèrè ẹ̀rí. Mélòó lo san? Rìsíìtì dà? Àwọn obìnrin tó kọ́lé pẹ̀lú ọkọ wọn gan-an, orí ìbéèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń kọsẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti géèmù tí kò ní páálí. Àwọn ọmọ méjì tiwa yìí kò sì tíì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó ti pẹ́ tí àpò ọkọ ti yàtọ̀ sí àpò ìyàwó. Ohun tí obìnrin bá fi owó òwò rẹ̀ rà, tirẹ̀ ni. Àwọn ìyá tó bí wa kì í da owó ọjà pọ̀ mọ́ ti ọkọ. Wọ́n á bá ọkọ gbọ́ bùkátà, wọ́n á ran ọmọ níwèé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye tó kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lè kà á fún ọ láìsí bébà lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló ń sọ pé bí ìfẹ́ bá wà, kí ni à ń kọ sílẹ̀ fún. Ọmọbìnrin yìí sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wa. Ó ní òun rò pé bí òun bá ń kọ ọ́, á dà bíi pé òun ò fọkàn tán an.

Nígbà tí a jókòó lẹ́ẹ̀kejì, a pa ọ̀rọ̀ géèmù tì. A ní ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí owó ṣeé pín. A ní kí ọmọbìnrin lọ gba ìwé àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì. Owó tí a rí pé ó fi fóònù san sí ọmọkùnrin fún ọdún méjì jẹ́ ₦138,000. Èyí tó ní òun kà lé e lọ́wọ́ lé ní ₦70,000. Ọmọkùnrin ní ₦20,000 péré lòun rántí. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀. Bí ₦50,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe wọmi nìyẹn, ojú gbogbo wa ló ṣe.

Nínú ₦138,000 yẹn náà, ọmọkùnrin ní owó oúnjẹ wà níbẹ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin ní owó káàdì ni gbogbo rẹ̀. Fóònù ní ibi tí a lè kọ ohun tí owó wà fún sí kó tó lọ. Ìgbà mẹ́rin péré ló kọ nǹkan síbẹ̀, ohun tó sì kọ ni "olówó orí mi". A ò mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín tàbí ká sunkún. Ìyálọ́jà ló rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan tí ọmọkùnrin sọ, a gbà á, bí inú àwọn kan kò tilẹ̀ dùn sí i. Ó ní géèmù tí àwọn rà ní 2022 ti gbó, àwọn jọ pawó lórí rẹ̀ fún ọdún méjì, kò yẹ kí òun san án bíi tuntun. Òtítọ́ ni. Ẹni tó bá ra ìró, tó ró o fún ọdún méjì, kò lè béèrè owó tuntun. A wá parí rẹ̀ sí pé kí ọmọkùnrin máa mú àkáǹtì àti géèmù 18 lọ, kí ọmọbìnrin mú ẹ̀rọ méjèèjì àti àwo CD mẹ́rin, kí ọmọkùnrin sì san ₦110,000 fún un, ₦10,000 lóṣù. Ó buwọ́ lùwé, bàbá rẹ̀ náà buwọ́ lù ú. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì. Ní Èkó, láti 2018, kóòtù kan wà fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, kí ẹjọ́ má bàa pẹ́ nílẹ̀. Níbikíbi tí èèyàn bá sì gbé gbèsè lọ, ìwé tí ẹni tó jẹ gbèsè buwọ́ lù ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú òwò yìí, tàbí tí wọ́n kàn ń gbá a nílé pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ń fẹ́, ohun tí a rí kọ́ rèé. Kí kálukú ní àkáǹtì tirẹ̀. Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé fún wa pé lórí Steam tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ètò kan wà láti 2024 tí àwọn ará ilé kan náà, tí wọn kò ju mẹ́fà lọ, lè fi máa yá ara wọn ní géèmù. Ohun tí kálukú rà wà ní orúkọ tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kúrò nílé, á kó géèmù tirẹ̀ dání, ti ẹlòmíràn á kù sílẹ̀, ìjà ò sí. Àfi pé ẹni tó bá jáde, ọdún kan gbọ́dọ̀ pé láti ọjọ́ tó ti wọ ilé àkọ́kọ́ kó tó lè wọ ilé mìíràn. Àwọn ìyá kan ní ètò yẹn dára ju ti ìgbéyàwó lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé òwò ni, tí àkáǹtì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ímeèlì tí ẹnì kan ń lò fún ara rẹ̀ ṣe é. Kí wọ́n ṣí ímeèlì tuntun fún ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹ sì mọ nọ́ńbà fóònù tó so mọ́ ímeèlì yẹn, torí ibẹ̀ ni agbára wà. Ọmọbìnrin yìí mọ pásíwọ́ọ̀dù láti ọjọ́ kìíní, ó rò pé nǹkan ti parí nìyẹn. Ẹni tó mọ pásíwọ́ọ̀dù ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ímeèlì ló lè pààrọ̀ àgádágodo. Ẹni tó bá fi owó obìnrin ṣí i, kí orúkọ obìnrin wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe, kó kọ́ ọ. Ọjọ́ kan péré ni.

Bí owó bá gbé e, ẹ ra àwo CD. Àwo á dúró sílé, ó ṣeé tà, ó ṣeé pín. Ẹ kàn ṣọ́ra, torí àwọn ẹ̀rọ kan wà báyìí tí kò ní ẹnu tí a ó ki àwo bọ̀, bíi ẹ̀yà PlayStation 5 kan tó jáde ní 2020. Àwo náà kì í sì í ṣe ọba. Géèmù ọkọ̀ kan wà, The Crew, tí ilé iṣẹ́ Ubisoft gbé jáde ní 2014. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2024 wọ́n pa ẹ̀rọ tó gbé e ró lọ́hùn-ún, ó sì kú mọ́ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, títí kan àwọn tó ní àwo rẹ̀ nílé.

Ẹ má sì rò pé géèmù nìkan ni. Àwọn tó ń ta léèsì àti àǹkárá lórí Facebook nínú wa, fóònù ta ni wọ́n fi ṣí ojú ewé yẹn? Nọ́ńbà WhatsApp tí àwọn oníbàárà fi ń pè yín, orúkọ ta ni wọ́n fi forúkọ káàdì síìmù rẹ̀ sílẹ̀? Ó ju ẹnì kan lọ nínú wa tó jẹ́ pé àbúrò ọkọ, tàbí ọmọkùnrin tí ọmọ wọn ń fẹ́, ló bá wọn ṣe é.

A ti ra ìwé ńlá kan sí ilé ẹgbẹ́. Ẹni tó bá yá owó alájẹṣẹ́kù láti fi dá òwò sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn, láti ìsinsìnyí, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì, ímeèlì ta ni, nọ́ńbà ta ni, a ó sì ka á sí etí àwọn onídùúró kí owó tó jáde. Ẹni tí kò lè kọ, a ó bá a kọ. Àwọn tó ti gba owó tẹ́lẹ̀, kí wọ́n wá ní ọjọ́ ìpàdé.

Ní ti àwọn tiwa, ọmọkùnrin ti san ₦70,000. Ó ku ₦40,000, ó sì ti ń fà díẹ̀. Ọmọbìnrin ta ẹ̀rọ kan, ó ń fi èkejì ṣe òwò nìṣó pẹ̀lú àwo CD, àkáǹtì tuntun sì wà ní orúkọ rẹ̀, géèmù méjì ló tíì wà lórí rẹ̀. Àwọn onídùúró méjèèjì ti san ₦85,000 nínú owó àjẹṣẹ́kù tiwọn. Ìyá eléèlùbọ́ ní kí a bá òun kọ ọ́ síbí pé òun ò gbàgbé, bí ìkórè iṣu bá dé, àwọn ni òun máa kọ́kọ́ san tiwọn.